Ohùn Ọlọ́lọ Ẹ̀báyán

Wọ́n wọn Tinúọlá kí wọ́n tó jẹ́ kó kúrò létí omi. Ọkùnrin tó wà nídìí ìwọ̀n ní kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí irin pẹlẹbẹ kan, kó má mí, irin náà sì dún lẹ́ẹ̀kan.

"Bí ẹ bá ń jáde, ẹ máa tún gùn ún," ọkùnrin náà sọ. "Bí ẹ bá fi ìwọ̀n òkúta kan ṣoṣo wúwo ju báyìí lọ, ilẹ̀kùn ò ní ṣí."

"Bí mo bá jẹun ńkọ́?"

"Kò sí oúnjẹ fún àlejò nínú ìlú, mà. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti ń jẹun."

Ó fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan pé kó fi sétí. Tinúọlá kò tíì rìn dé orí afárá tí ìlẹ̀kẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ohùn obìnrin kan tó tutù bí omi àmù. Ẹ káàbọ̀ sí Ẹ̀báyán, ìlú ẹlẹ́wà létí odò Ọ̀yán. Odò tóóró tó wà lọ́wọ́ òsì yín ni Odò Ìlọsíwájú. Àjọ Odò ló fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọdún tí epo tán láyé tí kò sí ohun tí wọ́n lè fi lọ àgbàdo mọ́.

Ó yọ ọ́ létí, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Odò tí wọ́n ń wí yẹn, Àfọwọ́gbẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè é nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun fúnra rẹ̀ ti lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ìlú náà lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n tún àwọn ilé alámọ̀ kùn ní pupa tó mọ́lẹ̀. Wọ́n gbin òṣíbàtà sójú omi, wọ́n sì ń gé ewé rẹ̀ kó má bàa bo òjìji àwọn ilé. Ilé ọlọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró létí odò náà bí àgbààgbà tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, àgbá kẹ̀kẹ́ onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń yí, ó ń gbé omi sókè, ó ń dà á sílẹ̀. Àwọn àlejò tò sórí afárá, wọ́n ń yàwòrán. Aṣọ kan wà lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé kan, ó dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sá a. Tinúọlá mọ ilé yẹn. Kò sí ẹni tó gbé ibẹ̀ láti ogún ọdún.

Ọdún mọ́kànlá nìyí tó ti tẹ ilẹ̀ náà kẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn ni òfin kò ti gbà kí ọmọ tí wọ́n bí sí Ẹ̀báyán wọ ibẹ̀ bí àlejò, nítorí wọ́n a máa já àwọn tó ń ṣàlàyé nírọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwé tí wọ́n fi pè é ló jẹ́ kó lè wọlé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: Nípa Olùgbé Kẹta. Ẹ wá kíákíá.

Olùgbé Kẹta ni bàbá rẹ̀, Fẹ̀hìntọlá Ṣówándé. Nígbà tí Àjọ Ogún, àwọn tó sọ ìlú náà di ibi ìran fún àlejò, kó gbogbo ará ìlú lọ sí Òkè-Titun, sínú àwọn ilé alájà ọgbọ̀n, ènìyàn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ìlú má bàa dà bí ahoro lójú àlejò. Wọ́n ti ku méje.

Ó bá bàbá rẹ̀ nínú ilé ọlọ àárín, lórí àpótí, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Ó ti rù. Ẹnu rẹ̀ ti yí sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíì gbàgbé síbẹ̀. Kí Tinúọlá tó kúnlẹ̀, ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ òsì bàbá gbọ̀n, ó dún gbìn-ìn. Àlejò ń bọ̀ nìyẹn. Bàbá na ọwọ́ òsì, ó bu àgbàdo nínú agbọ̀n, ó gbìyànjú láti dà á sẹ́nu ọlọ. Ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀. Àwọn àlejò bí ogún wọlé, wọ́n dúró lẹ́yìn okùn, ìlẹ̀kẹ̀ létí kálukú wọn. Wọ́n wo ọkùnrin arúgbó náà bó ṣe ń ṣa àgbàdo hóró kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Tinúọlá rékọjá okùn, ó tẹ̀ bá a ṣa á.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà," olùṣọ́ kan sọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá mi ni."

Olùṣọ́ náà wo àwọn àlejò, ó wò ó padà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ná."

Ó dúró títí wọ́n fi lọ. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀. Ọwọ́ òsì náà wá sórí irun rẹ̀, ìyẹ̀fun ló kún un. Bàbá la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá fi da àgbàdo sẹ́nu ọlọ lójú àlejò láìfọhùn. Àjọ Ogún ti kọ ohun tí Olùgbé kọ̀ọ̀kan yóò máa sọ sínú ìwé. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ọ́ kò gbọdọ̀ sọ ohun mìíràn. Bàbá ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà fún wọn, ó sì pa ẹnu mọ́. Àwọn àlejò gbà pé odi ni. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń pín létí omi pé kí wọ́n má gbàgbé láti wo Ọlọ́lọ Tí Kì Í Fọhùn. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ohun tó ti gbé mì láàárín ọ̀sẹ̀ ni yóò sọ sínú ẹ̀rọ, tí yóò fi ránṣẹ́ sí etí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ní Òkè-Titun, níbi tí Tinúọlá ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó máa ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń jẹun alẹ́, ó sì ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Oṣù méjì sẹ́yìn, ìrọ̀lẹ́ Àìkú dé, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú kejì dé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún bàbá, ó sì ti mú ahọ́n lọ pẹ̀lú.

Ìyá Adéṣewà ló wá bọ́ Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Olùgbé Karùn-ún lòun, ìdí ẹkù tí wọ́n ti ń fún epo pupa létí afárá ni wọ́n fi í sí. Obìnrin náà ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó já ọ̀rá oúnjẹ tí Àjọ ń fún wọn, ó ń fi ṣíbí bù ú sẹ́nu Bàbá díẹ̀díẹ̀.

"Àgbàdo tó ń lọ̀ látàárọ̀ ńkọ́?" Tinúọlá bi í. "Ẹ ò lè fi ro nǹkan fún un?"

"Ìyẹ̀fun ọlọ àtijọ́? Èèwọ̀ ni. Wọ́n ní kò mọ́ tó fún ènìyàn. Ìrọ̀lẹ́ la ń dà á sódò." Ó nu àgbọ̀n Bàbá. "Ẹja Ẹ̀báyán sanra ju ará Ẹ̀báyán lọ. Lọ rí obìnrin yẹn ná, ó ń dúró dè ọ́."

Obìnrin yẹn ni Alábòójútó ìlú, Kúfọrìjì, ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú ilé tó jẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan. Ó dìde fún Tinúọlá, ó sì fi ìka tọ́ka sí àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹ mọ òfin. Olùgbé tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ kò lè gbé ìlú mọ́. Mo ti fi oṣù méjì díbọ́n bíi pé mi ò rí i. Wọ́n ti rí i lókè báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi."

"Òkè-Titun?"

"Ilé àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀."

"Wọ́n ń sun òkú níbẹ̀."

"Ilẹ̀ ò tó, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Bí Olùgbé bá fi àwòrán àti ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú, ó ti di ara ìlú nìyẹn, bí ilé, bí afárá. Ẹnikẹ́ni kò lè mú un kúrò mọ́. Á wà nínú ilé rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bó bá sì dé, mo lè gba àṣẹ kí wọ́n ṣílẹ̀ sin ín síbí."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín gan-an."

Tinúọlá wo ojú rẹ̀. Kò rí àrékérekè níbẹ̀, èyí sì bí i nínú ju ká ní ó rí i lọ. "Kí lẹ wá pè mí fún? Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ ti ń yàwòrán rẹ̀."

"Àwòrán wà. A ní bó ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń bu àgbàdo, bó ṣe ń fi àtàǹpàkò yẹ ìyẹ̀fun wò. Ohùn ni kò sí." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "A tú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ wa gbà sílẹ̀ nílé ọlọ láti ọdún mọ́kàndínlógún wá. Ikọ́ la rí níbẹ̀, mà. Ikọ́, àti ìgbà mẹ́rin tí wọ́n sín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ sọ fún wa pé wọ́n ń ránṣẹ́ sí yín."

"Kí ni ẹ fẹ́ kí ohùn náà máa sọ?"

Kúfọrìjì ti ìwé kan sí i. Tinúọlá kà á. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn, ẹni tó kọ ọ́ mọ Yorùbá. Ó sọ bí epo ṣe tán, bí ebi ṣe wọ ìlú, bí Àjọ Odò ṣe gbé ẹ̀rọ ńláńlá wá pẹ̀lú àánú, bí omi ṣe dé ẹnu ọlọ láàárín oṣù mẹ́ta, tí àwọn ọkùnrin ń kọrin, tí àwọn obìnrin ń jó.

"Ọkọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ," Tinúọlá sọ. "Ọkọ́ àti agbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí òjò dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi, Àjọ Odò kó àwọn oníbọn tì wọ́n pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá ṣí i, wọn ò gbọdọ̀ dúró. Etí odò wó lé wọn. Ẹni mọ́kànlélógójì. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n hú gbogbo wọn jáde. Wọ́n tú omi sí i."

"Mo mọ̀," Kúfọrìjì sọ.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo kà á nínú àwọn ìwé tí wọn kì í gbé jáde. Àjọ Odò yẹn náà ló yí orúkọ padà tó di Àjọ Ogún." Ó tún ìwé náà tò lórí tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tò tẹ́lẹ̀. "Bí mo bá ní kí wọ́n fi sí i, ẹlòmíì ni yóò jókòó lórí àga yìí lọ́la. Ìwé náà á wà bó ṣe wà. Ẹni yẹn kò sì ní bá yín wá ọ̀nà kankan."

Tinúọlá padà sílé ọlọ. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi kan bò, nítorí Bàbá kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ po. Ojú Bàbá mọ́ kedere. Àìsàn náà kò tíì débẹ̀.

"Ohùn yín ni wọ́n fẹ́, Bàbá. Èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi."

Bàbá mi orí. Ó mì í lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún mì í.

"Bí mi ò bá fún wọn, wọ́n á gbé yín lọ sí Òkè-Titun."

Ó tún mi orí. Ó na ọwọ́ òsì, ó di igi òpó tó gbé ọlọ dúró mú.

"Ọ̀kan nínú méjèèjì ni, Bàbá. Ẹ ò lè kọ méjèèjì."

Bàbá ń wò ó, kò sì jẹ́ kí òpó náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà títí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fi tún dún.

Ìyá Adéṣewà tẹ̀ lé Tinúọlá dé etí omi nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ àwọn àlejò tó kẹ́yìn ń múra àtilọ.

"Fún wọn," ó sọ.

"Ó kọ̀, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀."

"Ó kọ̀. Ìgbà wo ni bàbá rẹ ò kọ̀? Èmi ti ń sọ tiwọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́, tí mo bá sọ tán, mo máa ń fi omi yọ ẹnu, mo sì ń sùn. Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá mi nínú odò yẹn, mo sì ń sọ fún àlejò pé orin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ." Ó wo àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń yí. "Ta ni bàbá rẹ ń dákẹ́ fún? Àwọn tó kú ò gbọ́. Àwọn tó wà láyè rò pé odi ni."

"Èmi gbọ́."

"Ìwọ nìkan. Ìwọ náà á kú." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. "Jẹ́ kí ọkùnrin yẹn kú lórí ẹní rẹ̀."

Ọjọ́ kejì kọjá bẹ́ẹ̀. Tinúọlá sùn sí ẹ̀yìn odi, ó tún padà wá láàárọ̀, ó wẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó gé èékánná rẹ̀. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí àwọn àlejò tó dé, ọkùnrin méjì ti ibùsùn onítáyà kan wọlé. Wọ́n kí i dáadáa. Wọ́n ní àwọn kàn wá wò bóyá ibùsùn náà á gba Bàbá ni, gbígbé rẹ̀ di ọ̀sán.

Bàbá rí ibùsùn náà. Ó ju ara rẹ̀ síwájú lórí àpótí, ó sì fi apá òsì kọ́ òpó náà lọ́rùn. Àwọn ọkùnrin náà kò nà án, wọn kò pariwo mọ́ ọn. Èyí àgbà nínú wọn ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì ń ká ìka rẹ̀ kúrò lára igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Bó bá ká èkejì tán, èkínní á ti tún dì mọ́ ọn. Ohùn kan ń jáde lẹ́nu Bàbá, ó ń jáde láìdáwọ́ dúró. Tinúọlá rí i tí ìtọ̀ ń ṣàn wá sílẹ̀ lábẹ́ àpótí, ó ń gba inú ìyẹ̀fun lọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó sọ. "Mo máa fọwọ́ sí i."

Wọ́n fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bíi pé ìyẹn gan-an ni wọ́n bá wá.

Ọ̀dọ̀ Kúfọrìjì ni wọ́n ti gba ohùn náà. Wọ́n gbé àwo funfun kan síwájú rẹ̀ pé kó gbé ẹ̀rọ tó fi ń tọ́jú ohùn Bàbá sínú rẹ̀. Kó tó gbé e síbẹ̀, Kúfọrìjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó yẹ kí n ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ohùn Olùgbé kò gbọdọ̀ wà níbi méjì. Bó bá ti wọ inú àwo yìí, kò ní sí lọ́dọ̀ yín mọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e jáde lọ́jọ́ kan pé ohun mìíràn ló sọ."

Tinúọlá rò ó. Ọkàn rẹ̀ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ rán, èyí tó rán ní ọdún kẹrin. Nínú rẹ̀ ni Bàbá ti dárúkọ àwọn mọ́kànlélógójì náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú agbo ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbọ́ ọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì rò pé ibẹ̀ ni á máa wà. Kò lè dárúkọ mẹ́wàá nínú wọn báyìí.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀kan," ó sọ.

"Ọ̀kan," Kúfọrìjì gbà. Ṣùgbọ́n kò dìde kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kò dìde.

Tinúọlá wá rí i pé kò lè gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́ lójú wọn. Ó fi ìka yí ojú ẹ̀rọ náà, ó sì tẹ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá. Ohùn Bàbá jáde, ó kọ́kọ́ wẹ ọ̀nà ọ̀fun mọ́ bó ṣe máa ń ṣe.

"Tinú, èmi ni. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Òjò rọ̀ ní Ọjọ́rú. Ẹja kan fò sínú àgbá kẹ̀kẹ́, ó bá a yí ká lẹ́ẹ̀mẹta kó tó já bọ́ padà sómi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí ìyá rẹ bá wà níbẹ̀, á ní kí n mú un. Ṣé o ń jẹun? Ó dàbọ̀, ọmọ mi."

Akọ̀wé ń wo ilẹ̀. Tinúọlá gbé ẹ̀rọ náà sínú àwo.

Ó sọ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè fi í pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ògiri. Kò tún yí i padà sí i mọ́. Oúnjẹ Àjọ tí Tinúọlá bá bù fún un, kò ní la ẹnu sí i. Bí Ìyá Adéṣewà bá gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, á jẹ. Àánú Tinúọlá ṣe obìnrin náà, ó ní àìsàn ni, kì í ṣe Bàbá fúnra rẹ̀. Tinúọlá mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Ó ń fi àṣẹ Kúfọrìjì wọ ọkọ̀ omi wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á jókòó ti ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, á máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Titun fún ẹ̀yìn náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé Bàbá ti sùn lórí ẹní rẹ̀, nínú ilé rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣèlérí.

Wọ́n mú ìlérí kejì náà ṣẹ. Wọn ò jẹ́ kí àlejò wọ ìlú títí di ọ̀sán. Ẹ̀rọ kan gé ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ọlọ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹni gé ọṣẹ, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n gbé Bàbá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì tò ó padà. Kúfọrìjì wá, ó wọ dúdú, ó sunkún díẹ̀. Ìyá Adéṣewà bu iyẹ̀pẹ̀ ó fẹ́ dà á sí i, olùṣọ́ ní kó dá a padà síbi tó ti bù ú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kò sí òkìtì, kò sí àmì. Koríko náà kò tilẹ̀ tẹ̀. Ní aago méjì, ọkọ̀ àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Wọ́n fún Tinúọlá ní káàdì kan tí wọ́n kọ Ọ̀rẹ́ Ìlú sí, tó lè fi wọlé nígbàkígbà. Ó fi í sínú àpótí fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, ó mú un jáde, ó fi wọ ìlú.

Bàbá wà lórí ìdúró nínú ilé ọlọ. Apá rẹ̀ méjèèjì pé. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ojú kò lè mọ̀ bí kò bá sún mọ́ ọn gan-an. Àgbàdo tó ń bù nìkan ni kì í tán nínú agbọ̀n. Ó fi àtàǹpàkò yẹ ìyẹ̀fun wò. Ó gbé ojú sókè sí àwọn àlejò, ó wẹ ọ̀nà ọ̀fun mọ́, Tinúọlá sì di okùn tó wà níwájú mú.

Ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà. Ó sọ ọ́ dáadáa ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, nítorí ohùn yẹn mọ ibi tó yẹ kí ènìyàn ti dúró mí. Nígbà tó parí, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Olùṣọ́ ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kó bi Bàbá, á dáhùn.

Ọkùnrin kan bi í bí òkúta ọlọ ṣe wúwo tó. Obìnrin kan bi í bóyá omi náà ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tinúọlá kò mọ̀ pé òun máa sọ̀rọ̀.

"Bàbá," ó sọ, "ẹni mélòó ló kú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ odò yìí?"

Ojú náà yí sí i. Ó wò ó pẹ̀lú ìfẹ́, bó ṣe ń wo gbogbo ènìyàn.

"Kò sí ẹni tó kú, ọmọ mi," Bàbá sọ. "Orin la fi gbẹ́ ẹ."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe pè é lọ́mọ," obìnrin tó dúró tì í sọ fún ọkọ rẹ̀. "Bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n."

Tinúọlá tún bi í léèrè. Ó dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan náà, èémí kan náà, ó sì dúró síbì kan náà kó tó sọ pé ọmọ mi. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Olùṣọ́ wá, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn mìíràn náà fẹ́ bi í. Ó kúrò níbẹ̀, ó gba orí afárá padà sétí omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ìbéèrè mìíràn, nípa òkúta, nípa òjò, nípa àgbá kẹ̀kẹ́. Bàbá dáhùn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò pè é lọ́mọ nínú ọ̀kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló ń mú ọ̀rọ̀ náà, ọmọ mi, jáde lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, ó dúró kí àwọn àlejò tò tán, ó sún mọ́ okùn, ó sì bi í pé ẹni mélòó ló kú.